Ìgbẹ́ Ọmọ Nínú Ìgò: Iṣẹ́ Tí Ilé Àyẹ̀wò Àjùmọ̀lò Ń Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ jẹun tán.

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìwó, ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wá sọ́dọ̀ wa. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì na ìgò kékeré kan sí ìyá rẹ̀, ó ní kí ó bá wa bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọmọ náà wá. Ìyá ọmọ kò gba ìgò. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo èmi náà, ó wá béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ fi ìgbẹ́ ọmọ mi ṣe? Ta ni yóò gbé e? Ibo ni wọ́n ń gbé e lọ?”

Àwọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo mọ̀ pé irun tí a fá lórí ọmọ, èékánná tí a gé, àti ìwọ́ tí ó já lára ọmọ tuntun kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀. Obìnrin náà kò ya òpè. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ìyá máa béèrè ni ó béèrè, ìdáhùn tí a sì fún un lọ́jọ́ náà kò tó. Ohun tí mo ń kọ yìí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí a ti fún un.

Kòkòrò tí kì í ṣe ọ̀tá

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé-ìwé ni pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa àrùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Nínú ara ẹni tí ara rẹ̀ le koko, àwọn kòkòrò wọ̀nyí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye sẹ́ẹ̀lì ara ẹni náà dọ́gba. Inú ìfun ńlá ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbé. Àwọn mìíràn wà ní ẹnu, ní awọ ara, àti ní ojú ara obìnrin. Àpapọ̀ wọn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní microbiome. Nínú ìwé yìí, àwọn ará inú ni a ó máa pè wọ́n, bí a ti ń sọ pé ará ilé àti ará àdúgbò.

Iṣẹ́ wọn kò kéré. Wọ́n ń fọ́ oúnjẹ tí ìfun wa kò lè dá fọ́. Wọ́n ń pèsè fítámì K fún wa. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ-ogun ara ní ẹni tí ó yẹ kí wọ́n bá jà àti ẹni tí ó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n sì ń gba ipò: bí gbogbo ìsọ̀ ọjà Odò-Orí bá ti ní olówó, àjèjì tí ó kó ẹrù burúkú dé kò ní rí ibi tí yóò pàtẹ rẹ̀ sí. Bí a bá fi oògùn apakòkòrò lé àwọn onísọ̀ lọ láìnídìí, àjèjì á ráyè wọlé.

Ara ìyá ni ọmọ ti ń gba púpọ̀ nínú àwọn ará inú rẹ̀, nígbà ìbí àti lẹ́yìn ìbí. Ohun kan wà nínú omi ọyàn tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu fún ọdún púpọ̀: oríṣìíríṣìí ṣúgà tí ìfun ọmọ kò lè dà rárá. Kí ni ìyá ń fi oúnjẹ tí ọmọ kò lè dà ṣe nínú ọmú? A ti mọ ìdáhùn rẹ̀ wàyí. Àwọn ará inú ọmọ ni ó ni oúnjẹ náà, pàápàá jù lọ àwọn tí a ń pè ní Bifidobacterium. Nígbà tí ìyá bá gbé ọmọ sọ́mú, kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó ń bọ́.

Àwọn ìbejì Màláwì

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá tí yóò yé ìyá ìbejì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn oníṣègùn ń rí ohun kan tí àwa náà kò ṣàì rí. Ìyá kan bí ìbejì. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń sùn, inú ìkòkò kan náà ni a ti ń bu oúnjẹ wọn. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ Táyé wú, irun rẹ̀ pọ́n, awọ ara rẹ̀ ń bó, nígbà tí Kẹ́hìndé ń ṣeré ní tirẹ̀. Àrùn kwashiorkor ni ó mú Táyé. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ níbí, àwọn ará ilé kì í pẹ́ rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Wọn á ní ìyá fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Wọn á ní ó ń fi oúnjẹ du ọmọ. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ tọ́ka sí ìyá ọkọ.

Àwọn onímọ̀ tí Jeffrey Gordon ti Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ṣáájú wọn, àti àwọn oníṣègùn tí ń ṣiṣẹ́ ní Màláwì, tẹ̀lé 317 ìbejì, méjì-méjì, láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ayé wọn. Wọ́n ń gba ìgbẹ́ wọn láti ìgbà dé ìgbà. Ní 2013 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé níbi tí ọ̀kan ti ṣàìsàn tí èkejì kò ṣe, àwọn ará inú ọmọ tí ó ṣàìsàn kò gbèrú bí ó ti yẹ kí wọ́n gbèrú bí ọmọ ti ń dàgbà. Wọ́n mú ìgbẹ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n fi sínú ìfun àwọn eku tí a tọ́ láìní kòkòrò kankan nínú, wọ́n sì ń fún àwọn eku náà ní irú oúnjẹ tí àwọn ará abúlé náà ń jẹ. Àwọn eku tí ó gba ìgbẹ́ ọmọ tí ó ṣàìsàn rù ju àwọn tí ó gba ti ìkejì rẹ̀ lọ. Nígbà tí a fún àwọn ọmọ náà ní oúnjẹ ìtọ́jú tí a fi ẹ̀pà àti wàrà ṣe, àwọn ará inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú. Nígbà tí wọ́n padà sí oúnjẹ àtijọ́, ìgbèrú náà fà sẹ́yìn.

Èyí kò sọ pé oúnjẹ kò jámọ́ nǹkan mọ́. Ohun tí ó sọ ni pé oúnjẹ tí kò dára àti àwọn ará inú tí kò gbó jọ ń ṣiṣẹ́ ibi náà ni. Ó sì tú ọ̀pọ̀ ìyá sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn tí kò tọ́ sí wọn. Èmi ka èyí sí ohun ńlá.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìgbẹ́ ọmọ Màláwì ní láti rìn dé Amẹ́ríkà kí a tó mọ ọ̀rọ̀ ọmọ Màláwì. Níbí náà, nígbà tí Funmilola Ayeni ti Yunifásítì Ìbàdàn fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ará inú àwọn Bassa tí ń gbé ní ìgbèríko àti ti àwọn tí ń gbé nínú ìlú ńlá, òun àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Bologna ní Ítálì ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ wà, láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé orí àgbà. Ìdí nìyí tí a kò fi lè mú ìwádìí tí a ṣe lára ọmọ òyìnbó kí a sì gbé e lé ọmọ Ìwó lórí bí fìlà.

Ẹ̀rọ ata àdúgbò

Èwo wá ni ilé àyẹ̀wò àjùmọ̀lò? Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta. Kì í ṣe gbogbo ilé ní àdúgbò ni ó ń ra ẹ̀rọ ńlá náà. Owó rẹ̀ pọ̀, epo rẹ̀ pọ̀, ó sì gba ẹni tí ó mọ ọwọ́ rẹ̀. Oníkálukú a máa gbé abọ́ ata tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá oníẹ̀rọ, a san owó ìwọ̀n tí a lọ̀, ẹ̀rọ kan a sì tó àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo àwọn ará inú. Ilé ìwòsàn kan kò lè dá a rà kí ó sì dá a bọ́. Nítorí náà, ilé ìwòsàn púpọ̀ àti yunifásítì púpọ̀ ń kó ìgò wọn lọ sí ibì kan.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe? Bí a bá fi maikirosíkóòpù wo àwọn ará inú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jọra bí ẹ̀wà inú àpò. Bí a bá fẹ́ tọ́ wọn nínú àwo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, ìta ni ikú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní DNA, àkọsílẹ̀ tí a bí mọ́ ọn. Apá kan wà nínú àkọsílẹ̀ náà tí ó dà bí ilà ojú láyé àtijọ́: ẹni tí ó bá rí i á mọ ìran tí onílà ti wá. Ẹ̀rọ náà ń ka ilà wọ̀nyí lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, kọ̀ǹpútà á wá sọ iye tí ìran kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ìgbẹ́ náà.

Ìyá tí ó lọ ata lẹ́yìn ẹni tí ó lọ ẹ̀gúsí mọ̀ pé ìyókù ẹlòmíràn lè bá ti ẹni lọ. Ìṣòro ilé àyẹ̀wò náà nìyí. Kí wọ́n tó da ohun tí ó wà nínú ìgò púpọ̀ pọ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n a so àmì kan mọ́ DNA tí ó ti inú ìgò kọ̀ọ̀kan wá, bí ìgbà tí a so àkísà pupa mọ́ abọ́ tiwa. Kọ̀ǹpútà a fi àmì náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n tún a máa fi ìgò òfìfo kan sí àárín àwọn yòókù. Bí wọ́n bá rí kòkòrò nínú òfìfo náà, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan kò mọ́, tàbí pé oògùn tí wọ́n lò ni kò mọ́. Àǹfààní mìíràn nìyí nínú àjùmọ̀lò: bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nítorí ìgò mẹ́ta péré, owó orí ìgò kọ̀ọ̀kan á ga. Bí ìgò 100 bá pé papọ̀, owó náà á wálẹ̀. Ìdí nìyí tí èsì fi ń pẹ́ nígbà mìíràn. Wọ́n ń dúró kí ìgò pé.

Ibo ni wọ́n ń gbé e lọ?

Kò fi gbogbo ìgbà jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Ní Ẹdẹ, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, ní Yunifásítì Redeemer's, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí wà tí a fi orúkọ ACEGID dá sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje 2014, Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fi àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù kẹta 2020, níbẹ̀ ni a ti ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì kòrónà àkọ́kọ́ tí a kà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2018, ibà kan ń pa àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ẹdó tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wá sí Ẹdẹ, ẹ̀rọ ka gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì hàn pé ibà pọ́njú ni. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí a mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó yẹ kí a gbé lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn ni àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe ti àwọn ará inú gan-an, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ kan náà àti irú ọgbọ́n kan náà ni.

Ní Àbújá, nígbà iṣẹ́ ńlá tí a pè ní H3Africa, tí ó gba owó láti 2012 títí di 2022, Institute of Human Virology dá ilé ìpamọ́ kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ ara tí a gbà káàkiri: ẹ̀jẹ̀, itọ́, DNA. Ọ̀kan ni nínú mẹ́ta ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn méjì yòókù wà ní Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà. Yìnyín ilé kò tó fún irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan tutù dé ìwọ̀n 80 sí ìsàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń lò, iná rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ. Ẹni tí ó ń gbé ní Nàìjíríà mọ ìnira tí ó wà nínú gbólóhùn yẹn. Lábẹ́ H3Africa kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adebamowo ti ṣáájú ìwádìí lórí àwọn ará inú ojú ara obìnrin, kí a lè mọ ìdí tí fáírọ́ọ̀sì HPV fi ń kúrò lára obìnrin kan, tí ó sì ń pẹ́ lára òmíràn títí tí ó fi ń di jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ.

Ẹ̀tọ́ yín

Ìfòyà ìyá náà ní ìdí mìíràn yàtọ̀ sí ti àwọn baba ńlá wa. Ní Kano, ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, ilé-iṣẹ́ oògùn òkèèrè kan dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn òbí sọ pé a kò ṣàlàyé fún wọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ rẹ̀ pẹ́ títí di 2009 kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti ilé-iṣẹ́ náà tó yanjú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn òbí gbàgbé èyí kò bá wọn sọ òótọ́. Láti 2007 ni orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin ìwà tí ó de gbogbo ẹni tí ń ṣe ìwádìí ìlera, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ ka ètò ìwádìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí nìyí. Kí wọ́n sọ fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́ bóyá nítorí ìtọ́jú ọmọ yín ni wọ́n ṣe ń gba ìgbẹ́ náà ni, tàbí nítorí ìwádìí. Kí wọ́n sọ ibi tí yóò lọ àti iye ọdún tí wọn yóò fi pamọ́. Nọ́ńbà ni kí ó wà lára ìgò ìwádìí, kì í ṣe orúkọ ọmọ. Ẹ lè kọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ yín kò sì gbọdọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹ lè gbà lónìí kí ẹ sì yí ọkàn padà lọ́la. Baálé ilé tí ó bá fẹ́ gbọ́ àlàyé náà, kí ó bá ìyá ọmọ wá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ìtọ́jú, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ̀ ọ́. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí a ń ṣe nínú ilé ìwòsàn nítòsí ni ó ń sọ bóyá aràn tàbí kòkòrò kan ni ó ń da ọmọ náà láàmú, èsì rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ti ilé àyẹ̀wò àjùmọ̀lò yàtọ̀. Ìmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń wá, kì í ṣe ìwòsàn fún ọmọ kan.

Bí a ti ń bu ìgbẹ́ sínú ìgò

Ìgò tí ilé ìwòsàn bá fún yín nìkan ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìgò oògùn tí ẹ fọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yà á sínú póò tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, tàbí sórí ọ̀rá. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò gbọdọ̀ kan omi, kí ìtọ̀ má sì bá a lọ. Ṣíbí inú ìgò náà ni kí ẹ fi bù ú. Ìwọ̀n ẹ̀wà mélòó kan ti tó. Ẹ dé e, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ kọ aago tí ọmọ yà á, kí ẹ sì tètè gbé e wá. Bí ó bá máa pẹ́, ẹ fi sínú kúlà tí ó ní yìnyín. Ẹ má fi sínú firíìjì tí oúnjẹ wà.

Ẹ sọ òtítọ́ nípa oògùn. Bí ẹ bá ti ra oògùn apakòkòrò fún ọmọ ní kẹ́míìsì láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́. A kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ̀, a ó rò pé bí àwọn ará inú rẹ̀ ti rí látilẹ̀wá nìyẹn.

Kí èsì tó dé, ìtọ́jú kò dúró. Ọmú kò gbọdọ̀ dá. Ẹ gba àpò ORS àti oògùn síńkì fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn wọlé, tàbí bí kò bá lè mumi, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru kì í fẹ́ oògùn apakòkòrò.

Àwọn kan ń béèrè bóyá ògì kíkan ń ran àwọn ará inú lọ́wọ́. Ní 1994, D. K. Olukoya, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí nípa iṣẹ́ ìwàásù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK. Wọ́n fi àṣàyàn kòkòrò rere tí ń mú ògì kan ṣe é, kí ó lè bá àwọn kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru jà. Ẹ rántí pé iná ń pa àwọn kòkòrò ògì bí a bá ti sè é, àti pé ẹ̀kọ mímu lásán kò tó ọmọ. Ẹ fi sóyà, ẹja tàbí ẹyin sí i.

Ìyá tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìgò náà nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni ó gbé e wá, ojú fèrèsé ni wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ sí títí di ọjọ́ Ajé. Kòkòrò kì í sinmi nínú oòrùn. Ìgbẹ́ náà kò lè sọ ohunkóhun nípa ọmọ mọ́. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó gbọ́ mi tán, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí a tó ṣílẹ̀kùn, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò mìíràn. Ó ní kí n ka nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ sókè kí òun gbọ́, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ kí ó tó gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́.